Eré Nọ́ńbà Mi Tí Wọ́n Pè Ní Tẹ́tẹ́

Ọmọdé ni mí, Ìkéré ni a sì ń gbé, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀ pé àwa náà ti ní ìjọba tiwa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń gbé ní ìlú òyìnbó ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wa, ògbólógbòó tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti pa tì. Ara tẹlifíṣọ̀n ni a ń so ó mọ́ kí a tó lè rí ohun tí ó ń kọ, orí kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin ni a sì ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ìwé tí ó bá a wá ni mo fi kọ́ ara mi.

Bàbá mi, tíṣà ìṣirò, ló fi eré kan hàn mí: àpótí mẹ́sàn-án, nọ́ńbà láti ení dé ẹ̀sán, kí o tò wọ́n kí ìlà kọ̀ọ̀kan, ní ìbú, ní òró àti láti igun dé igun, jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ á gbé díẹ̀ síta, ìwọ á wá ìyókù. Bí o bá gbà á, á ké pìì, á kọ O KARE gàdàgbà. Gbogbo ìsinmi ilé-ìwé ni mo fi ṣe é. Inú mi dùn dé góńgó pé èmi, ọmọbìnrin Ìkéré, ni mo kọ́ ẹ̀rọ òyìnbó ní èdè wa.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi mí ṣe.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí kì í fi púùlù ṣeré. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ púùlù: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù òyìnbó ni, nọ́ńbà ni ènìyàn ń mú, á wá máa gbàdúrà kí ó jẹ. Télọ̀ yìí yọjú lójú fèrèsé wa lọ́jọ́ kan, ó rí nọ́ńbà tí ń jáde, ó rí O KARE, ó gbà pé aṣírí òyìnbó ti tú. Kò bi mí léèrè o! Ó dà á kọ, ó lọ ta púùlù, kò jẹ. Ló bá gba àdúgbò kan, "Ulé tíṣà ni nọ́ńbà ti ń jáde! Ọmọ rẹ̀ ló ṣì mí lọ́nà!" Èmi tí n kò bá a sọ gbólóhùn kan!

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ìjọ wá bá wa nílé. Mo ní kí wọ́n jókòó kí n fi eré náà hàn wọ́n. Wọ́n ní ojú àwọn kò ní rí ohun tẹ́tẹ́. "Tíṣà, ṣé inú ulé onígbàgbọ́ ni a ti í kọ́ ọmọ ní tẹ́tẹ́?" Mo wo bàbá mi. Àwọn ló kọ́ mi ní ìṣirò náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sì ń retí lẹ́nu wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi fúnra wọn ló mú kásẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n fa okùn inú rẹ̀ tú jáde níwájú wa, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà sórí àjà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, télọ̀ wà lórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin. Wọ́n fi olè sílẹ̀, olóko ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo òde òní. Ṣọ́ọ̀bù tí Alàgbà yẹn fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn létí títì, onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n yá a fún. Láti àárọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì fọhùn. Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi.

Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, ọmọ mi ń ṣe irú eré nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Bàbá mi, tí wọ́n ti di arúgbó báyìí, tẹjú mọ́ ọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Ọ̀dọ̀ ta ló ti jogún ọpọlọ yìí?" Mo gbé àwo tí wọ́n fi jẹun, mo gba kíṣìnnì lọ. Mo dákẹ́ fún wọn, bí wọ́n ti dákẹ́ fún Alàgbà.