Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ o, má fi tìrẹ kún un.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi lo gbé nǹkan náà wọlé wa ní Agbowó. Ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe ohun kan sórí fóònù, tó máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sétí ẹni tí kò mọ̀wé. O ní ẹ ò ní tà á, pé ìta gbangba lẹ gbé e sí, kẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n bá yín tún un ṣe. Kò tíì jinná, o ní kí n máa bá yín tọ́ ọ wò.

Bó bá yarí, màá pa fóònù, màá tún un tàn. Tó o bá bi mí, màá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i." Ta ni yóò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọmọ rẹ̀? Mo tiẹ̀ rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Ni orogún mi bá ní òun náà fẹ́ tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kan náà ló figbe ta: "Kí ló ń sáré kàwé báyìí sí? Ṣé ajá ń lé e ni?" Mo ní wàá bínú. Ẹ̀rín lo rín, o kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìyá kékeré, ẹ ṣeun, ohun tá à ń wá gan-an nìyí." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lò ń jókòó sí.

Owú jẹ mí. A jọ fẹ́ ọkọ kan títí ọlọ́jọ́ fi dé, owú ìgbà yẹn ò tó èyí. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi: "Ìyáálé, mo tún ti rí àléébù mìíràn o!"

Ni mo bá parọ́. Mo ní kì í kàwé mọ́ bí mo bá ti kírun Àsárì tán. O wá a fún ọjọ́ méjì, ojú rẹ pọ́n. "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n rí i." Kí ni mo fẹ́ fi hàn ọ́?

Mo jẹ́wọ́. Mo wá sọ òótọ́ tí mo ti ń fi pamọ́: ibi tẹ́ ẹ ní ká tẹ̀ kéré, àtàǹpàkò mi bò ó, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló máa ń kà fún mi.

"Látìgbà wo, Ìyá àgbà?"

"Látọjọ́ kìíní."

O dì mọ́ mi. Ẹ sọ ibẹ̀ di ńlá. Orogún mi wò ó, ó yínmú: "Ó ti tóbi jù!"

O na ọwọ́ sí bírò kó o kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú.