Dò Màmá Fẹ́mi

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá gbé omi kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí èmi kì í sáré sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nílẹ̀ Lárúbáwá ni mo fẹ́ sọ fún yín: iṣẹ́ orin Kérésìmesì, ní ìlú tí òjò gan-an ti ṣọ̀wọ́n, tí àwa sì dúró sínú iyanrìn, tí à ń kọrin yìnyín.

Iṣẹ́ méjì ni mo ṣe ní Sharjah, ìlú tó kángun sí Dubai. Ọ̀kan ń bọ́ mi, èmi ni mo sì ń bọ́ èkejì. Èyí tó ń bọ́ mi ni iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ní ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní Abu Shagara. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń dán gbinrin, mo ń kí oníbàárà, mo ń lé ológbò kúrò lórí ọkọ̀ olówó ńlá. Èyí tí mo ń bọ́ ni ẹgbẹ́ akọrin àwa Yorùbá. Inú ọgbà ńlá kan tí oríṣiríṣi ìjọ jọ ń lò la ti ń sìn. Àwọn ará Kérálà á máa jáde, àwọn Filipínò á máa wọlé, àwa á dúró síta, ẹ̀wù akọrin lápá, a ń retí kí àyè ṣí. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìn wa nígbà náà, torí ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo ìlú ń sinmi.

Ní ìlú tí mo ń wí yìí, kò sí bí èèyàn ṣe lè pe gbogbo akọrin jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíìfù, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n pín sí òwúrọ̀ àti òru, ló ni wá. Bí ténọ̀ bá ráyè, áltò wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí áltò bá dé, báàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe akọrin rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ohùn mẹ́rin ló ń para pọ̀ di orin kọ́yà. Tírébù ni ti àwọn obìnrin tí ohùn wọn ga, áltò ni ti àwọn tí tiwọn rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ténọ̀ àti báàsì ni ti ọkùnrin, báàsì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ìpìlẹ̀ ilé. A wá dá ọgbọ́n kan. Ohùn kọ̀ọ̀kan ń kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú yàrá olórí rẹ̀, olórí á gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ráyè wá. Ọjọ́ tí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀ la tó máa ń pàdé.

Èmi ni mo ń darí gbogbo ẹgbẹ́, èmi náà ni olórí ténọ̀, yàrá wa ní Abu Shagara la sì ti ń kọ́ ọ, láti oṣù Kẹsàn-án tí ooru ṣì ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. A ní láti pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọnú orin. Alhaji Múrí tí a jọ ń gbé yàrá, oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Deira ní Dubai ránṣẹ́ sí Èkó, á wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á máa fi abala páálí fẹ́ra.

“Ọ̀gá akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan nǹkan yìí padà. Kérésì ò tíì dé, ẹ ti fẹ́ fi ooru pa mùsùlùmí.”

“Alhaji, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀rọ yẹn ń kùn.”

“Ó ń kùn! Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin kì í kùn?”

Kí oṣù Kejìlá tó dé, Alhaji ti mọ ohùn ténọ̀ ju àwọn ténọ̀ mìíràn lọ. Ó máa ń kọ ọ́ bó bá ń di ẹrù.

Sólfà la fi ń kọ́ orin, dò-rè-mí. Ọ̀gá mi tó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta ló kọ́ mi. Bí ẹ bá ṣi ohùn mú, kì í pariwo. Á kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, á rọra nù ún, á tún gbé e wọ̀, á ní, “Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀.” Bó bá ti ń nu awò yẹn, òógùn á ti bò wá. Òun ló sọ fún mi pé dò kò ní ilé. Ibi tí o bá gbé e kalẹ̀ sí, ibẹ̀ nilé rẹ̀, rè àti mí àti àwọn yòókù á wá tò tì í. Ìyẹn ni pé èèyàn lè mú dò láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀, orin náà ni yóò ṣì jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn fún ẹni tó ń dá kọrin. Ṣùgbọ́n bí ohùn mẹ́rin tí kò tíì ríra bá lọ gbé dò kalẹ̀ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nítorí náà, mo máa ń kọ ọ́ sókè ìwé orin pé ibi báyìí ni kí ẹ ti mú dò, kí olórí kọ̀ọ̀kan fi dùùrù inú fóònù rẹ̀ wá a.

Olórí tírébù wa ni Màmá Fẹ́mi. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni ó ń bá lọ kiri ní Al Qasimia, tó ń gbé àwọn ọmọ wọlé, tó ń de bẹ́líìtì wọn, tó ń nu imú wọn, “yalla, yalla”, ìyẹn ẹ yára, ẹ yára, lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìsìn orin Kérésìmesì, òun ló ń dá kọ ẹsẹ kìíní orin ìwọlé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á pa gbogbo iná, àwa akọrin á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àbẹ́là. Ohùn kan ṣoṣo á gbé ẹsẹ kìíní, kò sí dùùrù. Ohùn mẹ́rin á gba ẹsẹ kejì, kò sí dùùrù síbẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta ni dùùrù á tó bú jáde, tí gbogbo ìjọ á dìde, tí a ó máa wọlé lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé Sharjah, Màmá Fẹ́mi ló ni ẹsẹ kìíní.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀, àwọn kò ní tún fisà rẹ̀ ṣe mọ́. Bí Kérésì bá ti kọjá, ilé yá. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹsẹ kìíní ọdún yẹn ni ìkẹyìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan la pàdé. Tọ́másì, ará Kérálà tó ń bá wa tẹ dùùrù, ká ọwọ́ gbera. Mo ní, “Màmá, ẹ gbà á.”

Màmá gbà á. Ohùn náà dùn, ó lọ́ wọ́rọ́, àmọ́ mo gbọ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti mú u. Mo rò pé ó kàn ń fi la ọ̀fun ni. Nígbà tí ó di ẹsẹ kejì, tírébù mú dò tirẹ̀, ténọ̀ mú tiwa, báàsì mú tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjà Rolla ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Mo dá wọn dúró. Mo ní kí gbogbo wa tẹ̀ lé dò Màmá. A tún bẹ̀rẹ̀. Báàsì sọ̀kalẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀, títí orin fi tán lẹ́nu wọn, tó ku èémí nìkan.

Kúnlé ni olórí báàsì. Ọkọ̀ agbẹ́rù ló ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dubai Investments Park, ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Ọ̀gá, ilẹ̀ ti tán níbí o! Àbí kí n gbẹ́ ẹ sí i?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá Fẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Tọ́másì, tí kò gbọ́ Yorùbá, fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ó tẹ dò inú ìwé. Màmá mú un láti ibẹ̀. Ó ń lọ dáadáa, títí ó fi dé ibi tí orin ti gòkè, ohùn rẹ̀ sì ya bí aṣọ gbígbó.

Ẹ̀rín dá.

“Eruku ni,” ni Màmá wí. Ó mú báàgì rẹ̀. “Ẹ fún Ṣadé. Ọmọdé ni, ohùn rẹ̀ ń lọ.” Ó sì jáde.

Mo kọjú sí Ṣadé, tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibi iṣẹ́ mi, tírébù tó mọ́ bí omi. Mo ní kó gbà á.

“Èmi kọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé o ò ní lè dé òkè ni?”

“Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ṣì wà láàyè, ẹ ti ń pín ogún rẹ̀.”

Mo ní, “Ṣadé, ta ló sọ pé kí ẹ kọ́ ọ nísàlẹ̀ báyìí? Mo kọ dò sórí ìwé.”

Ó wo àwọn tírébù yòókù, wọ́n wolẹ̀. “A rí i, sà. Láti ọdún tó kọjá ni ohùn Màmá ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá mú dò, ta ni nínú wa tó máa ní, ‘Màmá, ẹ gbé e sókè’? A kàn bá wọn sọ̀kalẹ̀ ni.”

Kúnlé la ẹnu sílẹ̀. “Ẹ bá Màmá sọ̀kalẹ̀, ẹ ò wá sọ fún báàsì tó ń gbé ìsàlẹ̀?”

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi darí orin, mo ti rí àṣìṣe tí ọ̀lẹ fà, mo ti rí èyí tí ìgbéraga fà. Èyí nìkan ni mo rí tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Odindi tírébù kọ́ orin láti ibi tí kò yẹ, kí ojú má bàa ti àgbà.

Èmi àti Kúnlé lọ sí Al Qasimia lọ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin mẹ́fà ló ń gbé yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń ká aṣọ sínú àpótí. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo.”

“Dìde, Kúnlé. O ti dí ọ̀nà ilé ìdáná mọ́ àwọn èèyàn.”

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. “Ọ̀gá, orin kì í tẹ̀ bá èèyàn. Èmi ló yẹ kí n tó orin. N kò sì tó o mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Látọdúndọ́dún, náánì ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tí mo de bẹ́líìtì fún á na ìka sí mi, á ní, ‘Náánì, bàtà mi.’ Kò burú, iṣẹ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á paná, gbogbo èèyàn á dákẹ́, èmi nìkan ni wọ́n á máa retí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ ilé.”

Mo lọ bá Tọ́másì nídìí dùùrù. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ẹsẹ kìíní kò ní báàsì lábẹ́, kò ní ténọ̀. Kí Màmá mú dò níbi tó bá wù ú. Bó bá ti parí, kí dùùrù gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e lọ sókè síbi tí àwa yòókù wà.

Tọ́másì mi orí. “Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, habibi, ọ̀rẹ́ mi. Dùùrù kò gbọdọ̀ dún títí di ẹsẹ kẹta.”

“Mo mọ̀.”

“Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ orin yìí.”

“Mo mọ̀, Tọ́másì.” Mo wá sọ ohun tí Màmá sọ nípa ìdákẹ́jẹ́ fún un.

Ó kọjú sí dùùrù. Ó fi ìka kan tẹ dò Màmá, ó tẹ́tí sí i, ó wá ń gbé e gòkè. Ti àkọ́kọ́ ń ta gìrì bí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè nínú ilé àtijọ́ ní Deira. Ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́. Nígbà tó yá, ó gòkè bí ìgbà tí ìyá gbé ọmọ tó sùn gun àtẹ̀gùn, tí kò fẹ́ kó jí.

“Khalas, ó parí,” ni Tọ́másì wí. “Ó ti débẹ̀.”

Ìrọ̀lẹ́ ìsìn dé. A dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, atẹ́gùn oṣù Kejìlá ń gbọn iná àbẹ́là wa. Wọ́n paná nínú ilé. Àwọn èèyàn wúkọ́ díẹ̀, àga dún díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Màmá sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé, “Ẹ fún mi ní dò.”

Mo ní, “Màmá, ẹ mú un níbi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn.”

Kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó pẹ́ débi pé mo rò pé ohùn ti sá. Mo yíjú wò ó, mo rí i pé ó dijú ni, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ orin. Kì í ṣe ohùn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń tàn bí agogo. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀ fún ọmọ orí itan rẹ̀, láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, kò sì ya. Dùùrù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gòkè, àwa náà gba ẹsẹ kejì. Màmá fẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá àwọn áltò, ó ń bá wọn kọ ọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn mẹ́rin pé pérépéré, àfi Kúnlé tí kò lè kọ ìlà kan títí a fi dé ẹsẹ kẹta. Ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú, ó ní òórùn àbẹ́là ni.

Nínú oṣù Kìíní ni Màmá Fẹ́mi bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọbìnrin ará Ìbàdàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Obìnrin ará Gánà kan gba àga rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Nígbà tí èmi náà padà sílé, Kúnlé ni mo fi ẹgbẹ́ akọrin lé lọ́wọ́. Ó ti kọ́ láti fi ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ṣadé ló jogún ẹsẹ kìíní. Bí Kérésì bá dé, wọ́n máa ń fi fóònù gbà á ránṣẹ́ sí mi. Òkè kì í ṣe ìṣòro fún Ṣadé rárá, ọdọọdún ni ohùn rẹ̀ sì ń mọ́ sí i. Síbẹ̀, dò Màmá Fẹ́mi ló ń mú.