Ilẹ̀ Tó Mọ́ Lórí Ewúro Màámi

Ewúro kan ṣoṣo péré ni Màámi gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Brandywine, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn lórí fóònù yóò rò pé oko ńlá ni. Obìnrin kan tí wọ́n bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí ní Forestville ló ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ fún wọn, ẹ̀ka tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, wọ́n gbé e lé itan nínú mọ́tò, wọ́n sì ní kí n má sáré. Èmi tí mo ti ń sá fún iṣẹ́ oko láti kékeré, mo di ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Kò sí ohun tí n kò níí gbẹ́ nígbà náà. Bàbá wa ti kú, àwa ọmọ ti fọ́n káàkiri, kò sì ku ẹnì kankan nínú ilé Ìbàdàn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á ti padà sílé. Wọn kì í fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ gbé omi kaná. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ní Suitland láàárọ̀, orí àga tí mo fi wọ́n sí náà ni mo máa bá wọn tí mo bá dé, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn náà á máa wo ìta.

Ewúro ló gbé wọn dìde lórí àga yẹn. Kí n tó dé, wọ́n á ti bomi rin ín, wọ́n á ti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á ti tu koríko ìdí rẹ̀ tán, wọ́n á sì tún wá koríko ẹlẹ́koríko tu. Nígbà tó ga dé ìbàdí mi, wọ́n já nínú ewé rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi sebẹ̀. Mo ní ó ṣì korò díẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo bá mi fọ̀ ọ́ ni? Jẹun, jàre.”

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá mi wí báyìí gbẹ̀yìn. Inú mi dùn, mo sì tún bù sí i.

Nígbà tí ewé igi àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, tí wọ́n sì ń já bọ́, fóònù mi ké ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé òtútù tó ń sọ omi di yìnyín ń bọ̀ mọ́jú.

“Màámi, wẹ́dà máa burú lálẹ́ yìí. Fúrọ́ọ̀sì ń bọ̀.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ìrì tó dì ni. Tó bá ti bà lé ewé, ó máa ń pa á.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìrì? Ìrì tó ń mú inú ẹ̀fọ́ dùn? Amẹ́ríkà yín yìí, kò mà sí ohun tí wọn ò lè bà jẹ́ níbẹ̀ o.” Wọ́n wo ewúro náà láti ojú fèrèsé, ẹ̀rín wọn sì kúrò díẹ̀díẹ̀. “Ó dáa. Tí èyí bá lè la òtútù yín já, èmi náà á gbìyànjú. Tí kò bá lè là á já, kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì mi.”

N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. N kò sì dúró béèrè.

Mo bomi rin ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí ilẹ̀ tó bá mumi ń pa ooru ọ̀sán mọ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Mo ri igi mọ́lẹ̀ yí i ká kí aṣọ má baà fara kan ewé. Mo kó aṣọ tí a fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá, kò tó. Màámi bá ṣí àpótí wọn, wọ́n mú ìró àǹkárá méjì tó ti ṣá jáde, wọ́n ní aṣọ tó ti pọn ọmọ mẹ́rin kò lè ní òun ò pọn ewúro. A dà á bò ó títí dé ilẹ̀, a fi òkúta tẹ etí rẹ̀ kí ooru ilẹ̀ má baà rí ọ̀nà sá jáde. Bàbá aládùúgbò wa yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà onípákó, ó béèrè pé ta ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Mo ní àlejò Màámi ni.

Kí n tó lọ sùn, mo sọ fún wọn pé, “Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ bá mi ṣí i o.” Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ wá sí kíṣìnnì láàárọ̀, ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pupa ni. Màámi ti kírun tán, wọ́n jókòó, wọ́n ń mu tíì. Ìró méjèèjì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti ká a dáadáa.

Mo fi sálúbàtà sáré jáde. Gbogbo koríko funfun. Ewé ewúro náà funfun, ó sì le gan-an. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, ó ti rọ, ó dúdú bí èyí tí a bọ̀ lómi gbígbóná.

Ilẹ̀ Màámi, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ló ti mọ́, ì báà jẹ́ pé òkùnkùn ṣì kún ìta. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. “Ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́,” a ó sì máa fọwọ́ wá ìgbálẹ̀ nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ tèmi, láti ìgbà tí mo ti ń gbé Maryland, kì í mọ́ àfi tí oòrùn bá yọ. Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni òtútù ń mú jù.

“Màámi, mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná!”

“Ilẹ̀ ò wá mọ́? Àbí òru ni mo kírun àsùbáà? Mo ní kí ìrì díẹ̀ kàn án lára.”

Mo la ẹnu láti fèsì, ẹkún ló jáde. Ìyá ọlọ́mọ bíi tèmi, mò ń sunkún nítorí ẹ̀fọ́. Kì í sì í ṣe ẹ̀fọ́ ni mò ń sun ẹkún rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni.

Màámi gbé ife tíì kalẹ̀, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n jáde. Wọ́n fi èékánná họ igi ewúro náà lókè, ó ti gbẹ. Wọ́n họ ọ́ láàárín, bákan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n họ ìdí rẹ̀.

“Wá wò ó.”

Ó ṣì tutù bí ewé tuntun lábẹ́ èèpo, ó ń dán.

“Ẹ̀mí ṣì wà níbí. Bí ẹ̀mí bá sì wà, ìrètí ń bẹ. Lọ mú ọ̀bẹ wá.”

Wọ́n gé e kù kùkùté. Bàbá aládùúgbò ti kó ewé gbígbẹ rẹ̀ sínú àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí àwọn akólẹ̀ wá gbé e. Mo tọrọ rẹ̀, ó sì bá mi gbé e wọlé. A dà á lé kùkùté náà títí ó fi di òkìtì, Màámi sì fi ìró wọn dè é lókè. Ìgbà yẹn ni mo tó lè béèrè bóyá kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.

“Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Ṣé èèyàn máa ń fi aláìsàn sílẹ̀ lọ sí ìrìn àjò ni?”

Wọn ò fẹ́ràn òtútù náà, wọn ò sì díbọ́n. Wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, wọ́n ń ṣépè fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fún wọn léwúro bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sì padà dé pẹ̀lú ìròyìn àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Tí yìnyín bá bọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò ni òkìtì náà, bóyá afẹ́fẹ́ ti ṣí i lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òtútù ti ń dẹwọ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá mi.

“Dìde. Ilẹ̀ ti mọ́.”

Mo wo ojú fèrèsé, òkùnkùn biribiri. N kò jiyàn. Mo wọ bàtà, mo tan iná fóònù, mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n rọra fọwọ́ wọ́ ewé gbígbẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun kékeré kan, kò tó èékánná, ti rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté.

“O rí i?”

“Mo rí i, Màámi.”

Ẹnu ń yún mí láti sọ pé kí a tètè bò ó, oòrùn ò tíì yọ. Kí n tó sọ ọ́, wọ́n ti ń fọwọ́ méjèèjì da ewé náà padà lé e.

“A ó ṣí i tí ilẹ̀ bá mọ́,” ni wọ́n wí. “Tìrẹ ni mò ń wí o, kì í ṣe tèmi.”