Ọmọbìnrin Tó Ru Garawa Omi

Kí wọ́n tó ya Èkìtì kúrò lára Oǹdó, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Ọ̀kà. Yàrá méjì péré ni, ní ẹsẹ̀ òkè. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, mo sì máa ń wọ tasín lọ láàárọ̀. Bí mo bá dé, màá ṣí fèrèsé, màá gbálẹ̀, màá fi aṣọ tútù nu àwọn nǹkan ibẹ̀: ọlọ àtijọ́, igi òfì tí kò ní òwú lára mọ́, wàláà àwọn ọmọ iléekéú, agogo iléèwé kan tó ti sán. Nígbà ọyẹ́, bí mo bá nu èyí tó kẹ́yìn tán, eruku á ti bo ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í yà, àfi àwọn ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn bá kó wá.

Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ kan ni ìyá àgbàlagbà kan wọlé. Kò wo ọlọ, kò wo òfì. Iwájú àwòrán ńlá tó wà lára ògiri yàrá kejì ló lọ dúró sí. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ya àwòrán náà nígbà tí àwọn ará ìlú ń fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwòsàn, tí àwọn ọmọ iléèwé ń bá wọn pọnmi. Ó dúró pẹ́, ó kí mi, ó lọ. Lọ́jọ́ ọjà mìíràn ó tún dé. Nígbà tó ṣe, mo gbé àpótí fún un.

Epinmi ló ti wá. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń rọra to Yorùbá rẹ̀ ni. Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan nínú àwòrán náà, tó ru garawa omi. Ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ọ̀kà níbí ni ọmọ náà ti ń kàwé nígbà tí ibà pa á. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọkọ ìyá náà kó gbogbo fọ́tò ọmọ náà, ó dáná sun wọ́n. Kò fi ìkà ṣe é. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Òbí kì í wo ojú ọmọ tó ti ṣíwájú rẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí kò bá rí i mọ́, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọkàn ìyá náà kò rọlẹ̀. Olùkọ́ ọmọ náà kan ló pàdé rẹ̀ lọ́jà, tó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà lára ògiri wa. Láti ìgbà náà, bó bá sọ nílé pé òun ń lọ sọ́jà, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ yà sí.

A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá máa nu eruku, òun á máa wo ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn á sọ̀rọ̀ sí i ní èdè wọn, ní ohùn ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń sọ.

Lọ́dún kan, ìjì bá àkọ́rọ̀ òjò wá. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, páànù orí yàrá kejì ti ṣí lọ, omi ti bo ilẹ̀, àwòrán sì ti já bọ́ sínú rẹ̀. Mo sá a sóòrùn. Bó ṣe ń gbẹ ni ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣí kúrò bí èèpo. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán tó yà á, ní Ìkàrẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ òun ti kú, àwọn ọmọ sì ti kó gbogbo fíìmù àtijọ́ dànù.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, ìyá náà wọlé, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání fún mi. Ó rí ògiri kó tó wo ojú mi.

Mo ní, "Màmá, òjò ti bà á jẹ́."

Ó ní kí n gbé e wá. Ó fi ìka wá ibi tí ọmọ rẹ̀ ti máa ń dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sunkún. Ó jókòó, ó di ojú rẹ̀.

"Ìwọ lò ń rí i lójoojúmọ́," ni ó wí. "Bá mi sọ bó ṣe rí."

Mo sọ ọ́. Mo ní aṣọ iléèwé ló wọ̀, pé ó fi ọwọ́ kan di garawa mú, pé omi ti dà sí i léjìká, pé ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú àwòrán. Ó ń mi orí.

"Àpá tó wà lójú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo rò ó, mo rò ó. Irọ́ kò ṣòro pa, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

"Mi ò rántí, Màmá."

"Èmi náà ò rántí mọ́."

Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Mo sìn ín dé ojú títì, a dúró títí ọkọ̀ Epinmi fi dé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má retí òun mọ́.

Nígbà tí mo padà, olùkọ́ kan ti kó àwọn ọmọ iléèwé dé ẹnu ọ̀nà. Mo kó wọn wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọlọ fún wọn, bí àwọn ìyá wa ṣe ń kúnlẹ̀ tì í. Mo bá mú aṣọ tí mo fi ń nu eruku, mo fi bo ojú. Olùkọ́ wọn wò mí, ó rọra kó wọn jáde, ó sì bá mi ti ilẹ̀kùn.