Adé Onígun Márùn-ún Inú Ìwé Mi

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ni mo fi ń rántí Isuada. Ibẹ̀ lèmi àti ọmọ kíláàsì mi kan jọ háyà yàrá sí lọ́dún tí à ń parí ẹ̀kọ́ wa l'Ọ́wọ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìgboro tí ń sọ èdè Spéènì ní Amẹ́ríkà: bí àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Mẹ́síkò wá ṣe dá wọn sílẹ̀ nígbà tí aráàlú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, òǹkà tí wọ́n ń fín sára. Mo ya àwọn àmì náà sínú ìwé kan. Adé onígun márùn-ún, àmì ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, ló wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ṣí ìwé náà nígbà tí mo lọ pọnmi. Kò bi mí léèrè, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló bá mi yan àkòrí. Ó ya fọ́tò adé yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì pé mo ti wẹgbẹ́ òkùnkùn. Kí n tó gbómi délé, ó ti sọ fún màmá onílé, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Màmá náà, tí wọ́n máa ń bu gàrí gbígbóná fún mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé.

"Mi ò lé ẹ o. Àmọ́ má dé ìdí ààrò mi mọ́."

"Mà, iṣẹ́ ilé-ìwé ni."

"Gbogbo wọn náà ló ń lọ sílé-ìwé."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ńṣì tí mo bá jókòó sí, èmi nìkan ni. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó tì mí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń ṣe ní tòótọ́. Ó ra mínírà fún mi, ó pe orúkọ mi. "Wọ́n ti pa ẹ́ tì, àbí? Àwa kì í pa ara wa tì. Wá sípàdé wa lọ́jọ́ Ẹtì." Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi dùn létí mi. Mo ti kọ ọ́ sí orí kejì iṣẹ́ mi pé àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ wẹgbẹ́. Inú ìwé oníwèé ni mo ti dà á kọ. Kò tíì yé mi nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ bàtà, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo jókòó sídìí ààrò tí wọ́n ní n má dé mọ́. Màmá wò mí títí, wọ́n ń yan gàrí wọn lọ. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo gba máàkì tó dára lórí iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí títí dòní. Fọ́tò adé yẹn lè ṣì wà lórí fóònù àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya fọ́tò bẹ́ńṣì tí èmi nìkan jókòó sí. Àmì tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù nìyẹn.