Ta Ló Mú Bàálù Lọ́wọ́?

Àwọn tó ń ròyìn bàálù fúnni a máa ní ẹni tó bá ń wà á dà bí ẹyẹ, pé ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́, pé gbogbo wàhálà ayé á kéré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wa bàálù fún ọdún méjìlélógún, ó sì ti fi mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò tíì pàdé ẹyẹ kan tó ń fi ọ̀pá wọn epo kó tó fò, tó ń buwọ́ lu ìwé mẹ́ta, tó sì tún ń fi àkísà nu òkú kòkòrò kúrò lójú dígí.

Lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gòkè, inú fìlà ọ̀gá rẹ̀ ló bì sí. Fìlà tuntun ni o. Ọ̀gá wo fìlà, ó wo ọmọbìnrin náà, ó ní, "Fìlà ti yó. Ó yá, wa bàálù." Ó sì wà á. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó búra pé òun ò tún ní gun nǹkan tó ga ju àga lọ láyé òun. Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu géètì. Àwọn kan ń pe irú èyí ní ìfẹ́. Ìyá rẹ̀ pè é ní àìsàn, ó sì ń béèrè ìgbà tí ara ọmọ òun máa yá.

Ìgbà tó di olùkọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Àǹtí Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí pé gbólóhùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù lọ nìyẹn. Ohun kan sì wà tí kì í fi ṣeré rárá. Nínú bàálù ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pá ìdarí méjì ló wà, ọ̀kan níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan níwájú olùkọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ó di ọwọ́ ẹ." Èkejì á dáhùn pé, "Ó ti dé ọwọ́ mi." Ẹni àkọ́kọ́ á wá parí rẹ̀ pé, "Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi." Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè mọ̀ ọ́n lórí. Àfi bàbá ọkọ rẹ̀.

Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n ṣàdédé wọ ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ bàálù, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun àti bírò méjì.

"Ìyàwó wa, mo wá forúkọ sílẹ̀."

"Fún kí ni, Bàbá?"

"Fún bàálù ni. Àbí búrẹ́dì lẹ̀ ń tà níbí?"

Kò lè sọ pé rárá. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ọkọ, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ṣèpàdé lé e lórí pé kí ni àwọn fẹ́ fi ìyàwó tó ń gbé lójú sánmà ṣe. Bàbá yìí nìkan ló dìde tó ní, "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ta ni nínú yín ló mọ ibi tí ìyàwó tiẹ̀ wà báyìí?" Ìpàdé tú ká. Àwọn mẹ́ta tilẹ̀ sáré lọ wo ilé.

Dókítà yẹ Bàbá wò, ó fún wọn ní ìwé àṣẹ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ó sì sọ ọ́ kedere pé nítorí ojú wọn, òun ò ní buwọ́ lu òmíràn mọ́. Bí ìwé yẹn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn, ó parí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dá wà á," ni Bàbá wí. "Ogójì ọdún ni mo fi gbé ẹrù ẹlòmíràn lọ síbi tí ẹlòmíràn ní kí n gbé e lọ. Mo fẹ́ gbé ara mi lọ síbi kan."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wá ni fèrè ọkọ̀ tí wọ́n á máa fun. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè dígí ẹ̀gbẹ́: "Tí ẹnì kan bá fẹ́ yà mí sílẹ̀ ńkọ́?" Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí bàálù nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni Bàbá ń fi yí i bí ẹni tó fẹ́ gba kọ́nà. Bàálù kò tilẹ̀ wo ojú wọn. Inú koríko ló lọ tààrà. Síbẹ̀, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Bàbá ń gbé e kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

Àpọ́nlé ló kù tó fẹ́ pa àwọn méjèèjì. Bàbá ní nínú bàálù, Tíṣà òun ni, òun ò lè pe Tíṣà òun ní "ìwọ". Obìnrin náà ní bàbá ọkọ òun ni, òun ò lè pàṣẹ fún wọn. Ẹnu "ẹ" àti "yín" yìí ni wọ́n wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ní ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ bàtà.

"Ó di ọwọ́ yín, Bàbá."

"Háà, rárá o, Tíṣà. Ó di ọwọ́ tiyín."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ mú un."

"Kí n máa mú nǹkan níwájú Tíṣà mi? Ẹ máa mú un lọ, ẹ jàre."

Oníkálukú gbà pé èkejì ti gbà. Àwọn méjèèjì ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ń wo ìta. Ìṣẹ́jú méjì gbáko ni bàálù fi dá ara rẹ̀ wà, ká má sì purọ́, kò tíì rìn geere tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó rọra ń yí, ó rọra ń lọ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń darí bàálù láti ilé-ìṣọ́ rí i, ó pariwo lórí rédíò pé, "Ta ló mú bàálù yẹn lọ́wọ́?"

"Bàbá ni," ni obìnrin náà wí.

"Tíṣà ni," ni Bàbá wí.

Gbogbo ẹni tó wà lójú sánmà lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò bínú. Ó ṣe ohun tó burú ju ìbínú lọ: ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀kọ́ ilé yín dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfisílẹ̀ lẹ́nu yín bó ṣe yẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní jẹ́ kí bàbá yẹn dá gòkè, kí wọ́n yáa lọ máa gbin òdòdó."

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà dúró níwájú dígí nínú yàrá, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀. "Fi í sílẹ̀! Mú ọwọ́ ẹ kúrò!" Ọkọ rẹ̀ tó ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná ju abọ́ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kí ni mo ṣe?"

"Bàbá ẹ ni mò ń bá wí."

"Bàbá mi? Irú ohùn yẹn? Wọ́n á pè mí o!"

"Kí wọ́n pè ọ́ láti òkè."

Ọjọ́ Ẹtì dé. Wọ́n gbéra ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n yípo, wọ́n ń bọ̀ wá balẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì sún mọ́ tí Bàbá ti fa ọ̀pá mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Imú bàálù lọ sókè, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò! Ó ti dé ọwọ́ mi!"

Bàbá ká ọwọ́ kò bí ẹni tí iná jó. "Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí, kíá, ketekete, bó ṣe wà nínú ìwé.

Obìnrin náà tẹ iná mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé e sókè padà. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó rántí Ọ̀gá àgbà, ó gbé e mì.

"O tètè fà á," ló wí. "Dúró kí ilẹ̀ fẹ̀ lójú ẹ. Ó di ọwọ́ ẹ."

"Ó ti dé ọwọ́ mi." Bàbá yọjú wò ó díẹ̀. "Ṣé o rí i? Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń retí kí ẹnì kan kọ́ mi ní nǹkan níbí."

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi," ni obìnrin náà wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan dára ju ọ̀kan lọ. Nígbà kẹrin, obìnrin náà tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ sórí koríko, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé èmi nìkan?" Bàbá béèrè láti ojú fèrèsé.

"Ìwọ nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan. Gbéra, yípo, balẹ̀. Kí o má lọ wá fèrè."

Wọ́n ní inú olùkọ́ máa ń dùn lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò dúró níbẹ̀ rí. Bàálù fúyẹ́ láìsí obìnrin náà nínú rẹ̀, ó fò sókè kíákíá bí ẹni tó ti ń retí kí ó bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ koríko mọ́lẹ̀ bí ẹni pé bàálù á gbọ́. Nígbà tí Bàbá yí sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, obìnrin náà rí i pé òun ti ń sọ̀rọ̀ sókè: dúró, dúró, ó kù díẹ̀, ó yá. Táyà kan ilẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó.

Bàbá wà á wá bá a, wọ́n ṣí fèrèsé. Ojú wọn tutù fún omijé, imú wọn náà tutù. Wọn kò sọ pé ẹ ṣé. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀run àti ẹyẹ.

"Ìwé dókítà yẹn," ni wọ́n wí, "ìgbà wo gan-an ló parí?"

"Òní."

"Òní kò tíì parí."

Ó wo oòrùn. Ó gòkè wọn epo. Ó tún wo oòrùn. "Lọ," ló wí, ó sì yà sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀meje ni Bàbá tún lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ọkùnrin ilé-ìṣọ́ sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kí Àǹtí pàṣẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kó máa bọ̀ nílẹ̀.

Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lókè. "Ẹ gbà mí o," ló wí. "Kí èmi máa pàṣẹ fún bàbá ọkọ mi?"