Mọ́tò Tó Kọ́kọ́ Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ìdajì ìtàn yìí ṣojú mi. Ìdajì kejì, ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, níbi tí wọ́n ti ń po òrí nínú ọpọ́n. Bí wọn kò bá sọ ọ́ ni, bóyá títí di òní ni ǹ bá máa fọ́nnu pé èmi nìkan ni mo ṣe mọ́tò.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣakí, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Irun orí mi pọ̀ nígbà náà, ìgbéraga abẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, tí wọ́n ya mọ́tò pupa kan sí, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje lókè òkun. Kò lórùlé, ènìyàn méjì péré ló lè gbà, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ fò. Mo ní irú rẹ̀ ni màá fọwọ́ ara mi ṣe. Mo ṣa páìpù omi àti irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ jọ, bàbá alágbẹ̀dẹ tó múlé gbè wá fi iná bá mi tẹ̀ wọ́n, a sì jó wọn pọ̀ títí ó fi di ṣaasí, egungun tí gbogbo mọ́tò ń gbé ara lé. Ẹ́ńjìnnì, mo rí i lára mọ́tò kékeré tí a ń pè ní ìjàpá, tó já sí kòtò lọ́nà Ìgbẹ́tì. Ẹni tó ni ín ní kí n máa gbé e lọ, pé òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ kan, wọ́n yí irin náà po, wọ́n bi mí pé iṣu mélòó ni yóò lè rù. Mo ní bóyá méjì. Wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sàn jù ú lọ, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìjàpá a máa gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn pátápátá ni. Èmi fẹ́ kí tèmi wà ní ikùn mọ́tò, lẹ́yìn àga awakọ̀, bíi ti inú kàlẹ́ńdà. Mo rò ó pé kí n ṣáà yí ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà rẹ̀ padà, kí ohun tó kọjú sẹ́yìn wá kọjú síwájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi gbé e? Ọ̀gá mi ti gbé ṣéènì tí a fi ń fa ẹ́ńjìnnì sókè lọ síbi iṣẹ́ òkúta ní Ìgbẹ́tì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní àwọn ń bọ̀, wọn kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì fi jókòó sórí táyà, lábẹ́ igi òrí tí ìyá mi ń ṣa èso rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí bàbá mi tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méje, kálukú gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Wọn kò ṣàlàyé. Wọ́n to ọkọ́ jọ sídìí igi, wọ́n fi okùn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé e léjìká, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bàbá alágbẹ̀dẹ ń darí wọn. Bàbá náà wo ẹ́ńjìnnì títí, wọ́n bi mí bóyá ibi tó kọjú sí nílé rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Mo ní, “Bàbá, ọkọ́ lẹ mọ̀ ọ́n rọ. Ẹ fi ti mọ́tò sílẹ̀ fún mi.”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi kò fẹ́ ti ọlọ́gbọ́n kankan. Ẹ́ńjìnnì wọlé, mo dè é mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo so okùn àti páìpù rẹ̀ tán, mo pe gbogbo wọn wá wò ó. Ẹ́ńjìnnì hó, inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mo fi í sí gíà kìíní, mọ́tò fi ẹ̀yìn rìn, ó wó ọgbà ewúrẹ́. Mo fi í sí ìkejì, ẹ̀yìn náà ni. Ìkẹta, ìkẹrin, ẹ̀yìn. Gíà tí a fi ń padà sẹ́yìn nìkan ló lọ síwájú.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn méje náà kọjú sí bàbá mi, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa dúpẹ́. Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, kó ṣáà ti kọjú sí Kíṣí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ọkọ́ wọn, wọ́n gba oko lọ.

Mo lọ jókòó ti ìyá mi nídìí ọpọ́n òrí, mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ìyá mi kò gbójú sókè.

“Ọjọ́ tí wọ́n bá ọ gbé e yẹn,” ni wọ́n wí, “o rò pé wọ́n ṣèèṣì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká ni? Ọjọ́ àáró bàbá rẹ ni.”

Ẹni tó ti dáko rí yóò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi. Bàbá mi ti lọ kọ ebè lóko àwọn méjèèje, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kan oko bàbá mi. Òjò ti ń parí lọ. Bí ilẹ̀ bá ti le, ọkọ́ kò ní í wọ̀ ọ́ mọ́. Ebè ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni iṣu tí ilé wa ìbá jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi mú, tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní kò tó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo gbé ọkọ́. Mo bá bàbá mi lóko, àwọn nìkan, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú poro. Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ebè àkọ́kọ́ tí mo kọ ya lulẹ̀, mo sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n lù.

Wọ́n ní, “Tú u, kí o tún un kọ. A kì í sunkún lé ebè lórí. Àbí irin tìẹ ni kò ṣeé tú?”

Ọjọ́ mẹ́wàá la fi kọ ọ́, èmi àti wọn. A kò kọ ọ́ tán kí ilẹ̀ tó le. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní, “Ṣebí ọkọ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rọ,” wọ́n sì ti ń wá fìlà wọn. Àwọn méje náà tún wá, láìsí àáró kankan tí wọ́n jẹ wá. Ẹlẹ́nu mímú yẹn ló kọ́kọ́ dé. A gbé ẹ́ńjìnnì jáde. Èmi àti bàbá alágbẹ̀dẹ ṣí àpótí gíà, a mú irin ńlá eléyín tó rí bí òrùka, èyí tó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò, kúrò lápá kan, a dè é sí apá kejì, kí ó lè máa yí wọn sí òdìkejì. Wọ́n tún bá wa gbé e wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi í sí gíà kìíní, mọ́tò sì lọ síwájú wẹ́rẹ́.

Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbé. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ́ wọn yọ sókè bí àsíá, wọ́n di fìlà mú dé oko. Nígbà tí iṣu ta, tí kò pọ̀ lọ́dún náà, wọ́n gbé méjì lé itan. Wọ́n ní àwọn ti kà á, méjì tí mo wí náà ni.

Wọ́n ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Ṣaasí yẹn ṣì wà lábẹ́ igi òrí, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, èmi náà sì ti tó ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ fún pé kó dákẹ́. Bí mo bá kọjá lára rẹ̀, kì í ṣe irin ni mo ń rí. Ọkọ́ mẹ́jọ tí wọ́n tò sídìí igi ni. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ohun tí o pè ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọjọ́ àáró ta ni wọ́n fi bá ọ gbé e?